Ẹ Bi Wá Léèrè: Gáàsì Abẹ́ Ilẹ̀ àti Páìpù Tó Gbé E Ró

Gbogbo lẹ́tà tí a mú lóṣù yìí ló dá lórí gáàsì tí wọ́n ń kó pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí: nígbà ooru, tí gáàsì pọ̀ lọ́jà, wọ́n á fi ẹ̀rọ tì í wọ inú àpáta tí wọ́n ti fa epo tàbí gáàsì inú rẹ̀ tán, tàbí inú ihò tí wọ́n fi omi gbẹ́ sínú iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Tí òtútù bá dé, wọ́n á fà á jáde fún àwọn tó ń fi í mú ilé gbóná. Nǹkan bí 400 irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ibùdó gáàsì kan ní Pennsylvania ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún àkọ́kọ́ mi nìyí. Kànga kan wà níbẹ̀ tí géèjì àlàfo rẹ̀ máa ń fi 180 psi (ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń ti nǹkan) hàn. Ọ̀gá mi ní kí n máa tú u dà nù kí a tó kọ ìwé, kí n wá kọ òdo sílẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìdáhùn: Títú u kò burú. Òdo tí wọ́n ní kí ẹ kọ yẹn ló burú.

Kànga tó pé ní ìdènà méjì. Àkọ́kọ́ ni páìpù inú tí gáàsì ń gbà, tubing, pẹ̀lú packer tó dí àlàfo nísàlẹ̀. Èkejì ni páìpù òde, casing, àti sìmẹ́ǹtì tó so ó mọ́ àpáta. Àlàfo tó wà láàárín páìpù méjèèjì ló ń sọ fún yín bóyá ìdènà àkọ́kọ́ ṣì dúró. Tí géèjì ibẹ̀ bá gòkè, ó lè jẹ́ pé ooru ló mú omi inú àlàfo wú, ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ń jò wọlé. Lójú géèjì, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Títú u lọ́nà tó tọ́ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ iye tí géèjì àlàfo wà, iye tí ti páìpù inú wà, àti bóyá wọ́n ń ti gáàsì wọlé ni àbí wọ́n ń fà á jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì dání, ẹ dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ẹ má sì tú u sínú kòtò orí kànga, nítorí ibẹ̀ ni gáàsì máa ń dúró sí de iná. Fáàfù kékeré onílàjì íǹṣì ni kí ẹ fi tú u, díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ ohun tó jáde: ṣé omi ni àbí gáàsì, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà.

Tí wákàtí 24 bá kọjá tí kò wálẹ̀ sí òdo, a jẹ́ pé gáàsì tó ń wọlé pọ̀ ju ohun tí fáàfù kékeré yẹn lè tú jáde. Ẹjọ́ ẹ̀rọ ìtúnṣe nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ iṣẹ́ mọ́. Tó bá wálẹ̀, ẹ pa fáàfù dé, kí géèjì tó ń kọ fúnra rẹ̀ máa ṣọ́ ọ fún wákàtí 24 mìíràn. Tó bá jókòó sí òdo, ooru ló fà á. Tó bá tún ń gun òkè, ó ń jò. Bó ṣe yára gòkè tó ló ń sọ bí ihò ṣe tóbi tó. Nígbà náà, ẹ bu gáàsì àlàfo sínú ìgò ìdánwò kí wọ́n fi wé gáàsì inú ibùdó. Tí èròjà wọn bá bára mu, páìpù inú tàbí packer ni kí ẹ fura sí. Tí kò bá bára mu, gáàsì láti inú àpáta tó wà lókè ló ń gba ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì tàbí ojú ihò ara casing wọlé, ìyẹn sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ẹ má sọ títú di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń tú u ni omi wíwúwo inú àlàfo ń bá a jáde, tí gáàsì sì ń gba ipò rẹ̀. Ìdí rèé tí 180 lè fi di 400 lọ́dún tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ihò náà fẹ̀ sí i. Tó bá sì jẹ́ òdo ló kún inú ìwé, kò sẹ́ni tó máa rí i pé ó ń gòkè.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ má bá a jà. Ẹ bèèrè ojú ìwé tí ìlànà títú àlàfo wà nínú ìwé ìlànà iléeṣẹ́, kí ẹ sì kọ iye méjèèjì sílẹ̀: ti ìṣáájú, àti ti wákàtí 24 lẹ́yìn títú. Láti ọdún 2017 ni òfin ìjọba àpapọ̀, 49 CFR 192.12, ti sọ API RP 1171, ìwé ìlànà ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ epo Amẹ́ríkà lórí kíkó gáàsì pamọ́ sínú àpáta, di dandan fún irú ibùdó yín. Ibùdó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ àlàfo kànga rẹ̀, kó sì tẹ̀ lé ìlànà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Òdo tí kì í ṣe òdo ń tàpá sí méjèèjì.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ epo ni mí ní Ìbàdàn. Wọ́n kọ́ wa pé ogbó ló pa kànga SS-25 ní Aliso Canyon, ibùdó gáàsì ní California tó jò lọ́dún 2015. Ṣé ọjọ́ orí nìkan ni?

Ìdáhùn: Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Òótọ́ ni pé kànga náà ti pẹ́: ọdún 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ fún epo, ọdún 1973 ni wọ́n sọ ọ́ di ti gáàsì. Àmọ́ irin tí wọ́n ń yẹ̀ wò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Casing oní-íǹṣì 7 rẹ̀ ló ya gbọọrọ ní ẹsẹ̀ bàtà 892 sísàlẹ̀, níbi tí kò sí sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn rẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ wọ àárín òun àti páìpù tó tóbi jù ú lọ, bakitéríà inú omi náà sì ń jẹ irin láti ẹ̀yìn títí nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún nípọn rẹ̀ fi lọ.

Irin dípẹtà, ó ṣẹlẹ̀. Kí ló sọ ọ́ di àjálù? Wọ́n ń gba gáàsì kọjá nínú páìpù inú àti nínú àlàfo pọ̀, kó lè yára jáde. Casing tó yẹ kó jẹ́ ìdènà kejì wá di ìdènà kan ṣoṣo. Fáàfù ààbò tó wà nísàlẹ̀ kànga, wọ́n ti yọ ọ́ ní 1979, wọn ò sì fi òmíràn síbẹ̀.

Èyí tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn jù ni ti àyẹ̀wò. Wọ́n ń wọn ooru inú kànga lọ́dọọdún. Gáàsì tó ń jò máa ń tutù bó ṣe ń tú ká, ẹ̀rọ ooru á sì rí òtútù yẹn. Ẹ kíyè sí i: jíjò tó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn lè rí. Irin tó ti tín-ín-rín bíi bébà ṣùgbọ́n tí kò tíì lu, kò ní rí i. Ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì tàbí ti ìró tó ń wọn nípọn irin ló lè rí i, wọn ò sì fi èyíkéyìí yẹ casing yẹn wò. Kó tó lè wọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa páìpù inú jáde, ìyẹn sì gba ẹ̀rọ ńlá àti owó ńlá. Ní tiwa, ibi owó yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Ìwádìí olómìnira tó jáde ní May 2019 sọ pé ó lé ní 60 casing tó ti jò ní ibùdó yẹn ṣáájú, tí wọn ò wádìí ohun tó fà á.

23 October 2015 ni wọ́n rí jíjò náà. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n gbìyànjú láti pa kànga náà látòkè, pàbó ló já sí. Omi tí wọ́n ń rọ wọlé kò wúwo tó, kò sì yára tó. Gáàsì ń fẹ́ ẹ jáde padà. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ì bá ti fi èyí hàn wọ́n. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kànga mìíràn láti ẹ̀gbẹ́ tó pàdé ti àkọ́kọ́ nísàlẹ̀, tí wọ́n sì rọ ẹrẹ̀ wíwúwo sí i, ló dúró, ní 11 February 2016. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣírò mítéènì, èròjà tó pọ̀ jù nínú gáàsì náà, tó jáde sí nǹkan bí tọ́ọ̀nù 97,100, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ní Porter Ranch, àdúgbò tó wà nítòsí ibẹ̀, sì kó kúrò nílé. Lẹ́yìn èyí ni California sọ tubing àti packer di dandan fún irú kànga bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa wọn nípọn casing ní oṣù 24-24.

Ìbéèrè: Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé lẹ́yìn Houston, aládùúgbò kan wá sọ pé gáàsì wà nínú iyọ̀ nísàlẹ̀ wa. Ṣé kí a kó kúrò ni?

Ìdáhùn: Rárá, Mà. Iyọ̀ fúnra rẹ̀ dára: ó máa ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń pa ojú ihò ara rẹ̀ dé. Páìpù tó wọ inú rẹ̀ ló ń dani. Ní Moss Bluff, Texas, ní August 2004, páìpù omi iyọ̀ inú ihò já, gáàsì gba ibẹ̀ dé òkè, ó sì bẹ́ páìpù tó ti dípẹtà. Iná jó lé ní ọjọ́ mẹ́fà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 6 ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì gáàsì ló bá a lọ. Kò sẹ́ni tó kú. Hutchinson ní Kansas, January 2001, ló burú jù: casing tí wọ́n ti bà jẹ́ nígbà tí wọ́n ń tún kànga gbẹ́ jò ní ẹsẹ̀ bàtà 595, gáàsì rìn nǹkan bíi máìlì 7 nínú àpáta, ó sì gba ojú àwọn kànga iyọ̀ àtijọ́ tí wọn ò dí dáadáa yọ sínú ìlú. Ènìyàn méjì kú.

Nítorí náà, ẹ pe ọ́fíìsì pàjáwìrì county yín kí ẹ bi wọ́n pé: ṣé ibùdó náà ti fún wọn ní ètò pàjáwìrì rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n sì jọ fi ṣe ìdánrawò? Ṣé wọ́n mọ gbogbo kànga àtijọ́ tó wà nítòsí, títí kan èyí tí wọ́n ti pa tì? Ẹ pe 811, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń bèèrè ibi tí páìpù abẹ́ ilẹ̀ wà, kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ yín, ìbáà ṣe òpó ọgbà lásán. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé imú nìkan, torí gáàsì inú ibùdó lè máà ní òórùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnu ọ̀nà ìlú ni wọ́n ti ń fi òórùn sí i. Ìró tó ń sú bí ejò, omi tó ń hó láìsí iná, koríko tó kú lójú kan: ẹ má tan ọkọ̀, ẹ má tẹ iná, ẹ rìn lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pe 911.

Ìbéèrè: Ọjọ́ mélòó ni òfin fún ibùdó láti sọ pé gáàsì jò?

Ìdáhùn: Wákàtí ni, kì í ṣe ọjọ́. Tí jíjò bá pa ènìyàn, tó bá gbé ẹnikẹ́ni dé ibùsùn ilé ìwòsàn, tó bá ba dúkìá tó pọ̀ tó iye tí òfin dá jẹ́, tàbí tí gáàsì tó ṣèèṣì jáde bá tó mílíọ̀nù 3 ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì, wọ́n gbọ́dọ̀ pe National Response Center, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń gba ìròyìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, láàárín wákàtí kan. Láàárín wákàtí 48, wọ́n á tún pè láti ṣàtúnṣe tàbí fìdí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ múlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìwé kíkún láàárín ọjọ́ 30. Ìgbà tí jíjò náà ti dá wọn lójú ni wákàtí kan yẹn ti ń kà. Ẹni tó bá ní kí òun parí ìṣirò gáàsì tó lọ kí òun tó gbé fóònù ti pẹ́.