Ẹ má tíì kó àpò símẹ́ǹtì lé dẹ́kìn yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní birikilà yín sọ pé kí ẹ kó àpò símẹ́ǹtì sórí dẹ́kìn ilé bàbá yín, pé tí kò bá ti wó, ẹ lè sọ òkè di gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Èmi náà ṣe irú ẹ̀ ní Mushin ní 2014.

Yàrá mítà 4 sí 3 ni. Ilé gbígbé, nǹkan bíi kílò 150 ni wọ́n máa ń ṣírò fún mítà onígun mẹ́rin kan, ìyẹn àpò 36 fún yàrá náà. A tò wọ́n gbágbáágbá bí ẹni ń mọ ògiri. Dẹ́kìn ò mì. Mo ra mínírà fún àwọn ọmọṣẹ́.

Àna mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà wá wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àpò tó fún mọ́ra báyẹn máa ń gbéra wọn ró bí afárá ni, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ẹrù ń lọ, àárín ò mọ nǹkan kan. Ó ní ká tú u, ká tò ó ní òkìtì òkìtì, kí ọwọ́ lè gba àárín wọn kọjá. Ó tún ní ká ri igi sábẹ́ dẹ́kìn, ṣùgbọ́n kí igi má kàn án, kí àlàfo bí ìka kan wà níbẹ̀. Tó bá kàn án, igi lẹ ń dán wò.

A ò tíì kó tó ogún àpò tí mo fi gbọ́ "kọ̀ọ́". Dẹ́kìn ti là lábẹ́, tín-ín-rín, láti àárín lọ sí igun. Nígbà tí a họ ọ́, irin inú ẹ̀ jìnnà síra bí eyín arúgbó. Híhọ yẹn ló yẹ kó ṣáájú!

Gbọ̀ngàn tiyín ńkọ́? Kílò 500 ni fún mítà onígun mẹ́rin. Yàrá kan náà, àpò 120, ẹnjiníà á sì tún fi ìdámẹ́rin lé e, ó di 150. Ilé tí bàbá kọ́ fún ìdílé ò mọ òwàḿbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹnjiníà tó máa dúró tì yín, omi dára ju àpò lọ: sẹ̀ǹtímítà 15 omi, kílò 150 nìyẹn fún mítà onígun mẹ́rin kan, omi kì í sì í ṣe afárá. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa pọn ọ́n. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ wá gbé e kúrò. Láàárín wákàtí 24 mìíràn, dẹ́kìn gbọ́dọ̀ padà sókè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ibi tó tẹ̀ dé. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n o, torí oòrùn ọ̀sán nìkan lè gbé dẹ́kìn òrùlé sókè láìsí ẹrù kankan.

Òpó àti ìpìlẹ̀, ẹrù orí yàrá kan ò lè sọ tiwọn fún yín.

Dẹ́kìn yín nípọn tó mélòó? Ṣé ó ti là níbì kankan rí?