Ológbò jẹ ti àpò, Bíńgò jẹ ti ìkòkò

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Mo ní ajá kan, Bíńgò, mo sì ní ológbò kan. Ohun tí àwa bá jẹ ni wọ́n ń jẹ: ẹ̀bà, ìkọ́kọrẹ́, egungun adìyẹ. Ọmọ mi ní kí n lọ ra oúnjẹ inú àpò tí wọ́n kọ “natural” sí lára, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Ṣé ti ilé yìí kò tó ni?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wọn. “Natural” yẹn kò ju pé inú ewéko, ara ẹran tàbí inú ilẹ̀ ni èròjà rẹ̀ ti wá. Àgbàdo náà kúkú wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá lára àpò ni “complete and balanced”, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí ara ẹran náà nílò ló pé síbẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ajá ni wọ́n ṣe é fún tàbí ológbò. Èyí tí wọ́n ti tú sílẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá l'Ókè-Ajé, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n já a?

Ìkọ́kọrẹ́ ló tiẹ̀ jẹ mí lógún jù. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ o, àmọ́ àlùbọ́sà inú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́, ti ológbò sì burú jù. Kò sí bí a ṣe sè é tí oró yẹn fi máa kúrò. Ẹ bu tiwọn sọ́tọ̀ kí ata àti àlùbọ́sà tó wọ ìkòkò. Egungun adìyẹ tó ti jinná máa ń fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó, ó lè gún ìfun.

Ti Bíńgò kò le. Ẹ̀bà gààrí Ìjẹ̀bú, ìrẹsì, ewùrà, gbogbo rẹ̀ ló lè jẹ, agbára nìkan ni wọ́n sì ń fún un. Ẹ jẹ́ kí ẹran, ẹja tàbí ẹyin tó ìdajì àwo rẹ̀. Ẹ má ka pọ̀nmọ́ mọ́ ẹran, awọ ni. Ẹ sá èèpo ẹyin gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ fi nǹkan bíi ṣíbí tíì kan sí kílò ẹran kan, nítorí eegun rẹ̀.

Ológbò kì í ṣe ajá kékeré. Ó nílò ohun kan tí wọ́n ń pè ní taurine, inú ẹran àti ẹja ló wà. Ní 1987, àwọn dókítà ní Kalifóníà rí i pé àìtó rẹ̀ ló ń sọ ọkàn ológbò di aláìlágbára, títí kan àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ilé iṣẹ́ nígbà yẹn. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fi kún un. Àìtó rẹ̀ ń fọ́ ojú pẹ̀lú. Ọ̀kan tí wọ́n gbé wá bá mi ní Ṣágámù ń forí gbá ẹsẹ̀ àga, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbòò. Ẹ̀kọ ló fi ń dàgbà. Ojú yẹn kò là mọ́. Epo pupa náà kò lè ran ológbò lọ́wọ́: ajá lè sọ èròjà pupa inú rẹ̀ di fítámì A tí ojú nílò, ológbò kò lè ṣe é.

Nítorí náà, tí owó kò bá tó méjèèjì, ológbò ni kí ẹ ra ti àpò fún. Oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀: àpò kílò 2 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ológbò kílò 4 fún oṣù kan. Tí ẹ bá fi ọkàn adìyẹ tàbí ẹja tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀ kún un, ẹ má da omi tí ẹ fi sè é nù o, inú rẹ̀ ni taurine ń yọ́ sí.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi tuntun pò mọ́ ti àtijọ́, fún ọjọ́ 7 sí 10. Tí ológbò bá kọ̀ tí kò jẹun rárá fún ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má wò ó níran, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.