Ìbéèrè Yín: Ọ̀kẹ́, Sísì àti Tọ́rọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ta ilẹ̀ kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà. Ọmọ mi ní àádọ́ta mílíọ̀nù nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Rárá o, mílíọ̀nù kan péré ni. Àpò ńlá ni ọ̀kẹ́. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ní í kún ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Owó ẹyọ kúrò lọ́jà, àpò bá a lọ, iye inú àpò ló kù sí wa lẹ́nu.

Iye ọ̀kẹ́ tí ẹ bá gbọ́, ẹ ṣáà ṣe é ní ìlọ́po 20,000. Ọ̀kẹ́ márùn-ún jẹ́ 100,000; ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jẹ́ 500,000; àádọ́jọ ọ̀kẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta. Inú "àádọ́ta ọ̀kẹ́" nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìwòyí ti ń bá ọ̀kẹ́ pàdé. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù wà níbẹ̀, ni wọ́n bá gbé mílíọ̀nù kọ́ ọ̀kẹ́ lọ́rùn. "Ọ̀kẹ́ àìmọye" tún dá kún un, nítorí ìyẹn kò ní iye kankan. Tó bá jẹ́ ìwé àdéhùn lẹ ń kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà tì í.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa àgbà ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì. Ṣebí mẹ́fà ni sísì?

ÌDÁHÙN: Bàbá kò ṣì í. Kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, pẹ́nì ni Yorùbá ń pè ní kọ́bọ̀: 12 nínú ṣílè, 240 nínú pọ́n-ùn. Náírà méjì ni wọ́n fi pààrọ̀ pọ́n-ùn kan, kọ́bọ̀ tuntun sì di 200 nínú pọ́n-ùn. Orúkọ kan náà ni, àmọ́ tuntun ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́fà àtijọ́ di márùn-ún, ṣílè di mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí kọ́bọ̀ nínú ìwé tó ṣáájú 1973, ẹ pín in sí ọ̀nà 6, kí ẹ mú 5 níbẹ̀.

Tọ́rọ́, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́ta àtijọ́, ló fara gbá a jù. Kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ ló bọ́ sí, wọn kò sì rọ owó bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn tó ń sọ pé àwọn kò ní tọ́rọ́ lọ́wọ́ nìkan ló kù sí.