Ṣé tóònù orí ripítà lè fi ọ̀rọ̀ wa pamọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọmọ Yorùbá mélòó kan la gba láísẹ́ǹsì rédíò ham níbí ní Houston, a sì ń gbé ripítà tiwa (ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ rédíò, tó sì ń tún un gbé jáde kó lè lọ jìnnà) dìde lórí báńdì 70 cm. Ẹni tó ń bá wa ṣe é ní ká fi owó kún owó, òun á fi tóònù àdáni sí i kí àjèjì má baà gbọ́ wa. Ó ní tó bá jẹ́ DCS, ìyẹn tóònù oní-nọ́ńbà, la mú, kò sẹ́ni tó lè já a. Tóònù 100 Hz la fi ń dán an wò báyìí. Nígbà míì ripítà á dáhùn, nígbà míì á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èwo ni ká mú, báwo la sì ṣe máa ṣètò rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ dá owó yẹn dúró ná. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi í jẹun. Kò sí tóònù kankan, ìbáà ṣe CTCSS (tóònù olóhùn bíi 100 Hz yín), ìbáà ṣe DCS, tó ń bo ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Wọn ò ṣe é fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ ká fi CTCSS ṣàpẹẹrẹ. Bí ẹ bá ti tẹ PTT, bọ́tìnnì tí a fi ń sọ̀rọ̀, rédíò yín á máa fi ohùn kan tó rẹlẹ̀ gan-an ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yín, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ẹ ó fi jáwọ́. Ohùn náà lè wà níbikíbi láàárín 67 Hz sí 254 Hz. Ẹ kì í gbọ́ ọ torí pé fílítà inú rédíò tó ń gbà á ti gé ohun tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 300 Hz dànù kó tó dé spíkà. Rédíò yẹn á wá yẹ ohùn náà wò: bó bá jẹ́ èyí tó ń retí, á ṣí spíkà, bí kò bá jẹ́ òun, á panu mọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fi òwú di etí ara rẹ̀ ni yín; etí aládùúgbò ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wá rédíò àfọwọ́mú Baofeng UV-5R méjì. Lára ọ̀kan, ẹ fi tóònù sí méńù 11 (ti gbígbà) àti 13 (ti fífi ránṣẹ́). Lára èkejì, ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà ní OFF. Ẹ gbé wọn sórí fíríkúẹ́ǹsì kan náà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, ẹ pe àmì ìdánimọ̀ (call sign) yín, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ sínú èyí tó ní tóònù. Èkejì á gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete, títí kan ikọ́ yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ CTCSS sí DCS. Nọ́ńbà ni DCS ń fi ránṣẹ́ dípò ohùn, bíìtì 134.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ṣì ń lọ lókè rẹ̀ ní gbangba. Wọ́n á tún gbọ́ ikọ́ yín.

Àwọn míì gbà pé tóònù méjì sọ fíríkúẹ́ǹsì kan di méjì. Irọ́ ni. Bí èèyàn méjì bá tẹ PTT pọ̀, bóyá kí èyí tó lágbára jù borí tàbí kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bàjẹ́. Èyí tó tún burú ni pé ẹni tó di etí ara rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹnìkan ti wà lórí afẹ́fẹ́. Ẹ máa tẹ MONI, bọ́tìnnì tó ń ṣí spíkà láìka tóònù sí, kẹ́ ẹ gbọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí ohun tó lè bo ọ̀rọ̀ lóòótọ́, òfin FCC (àjọ tó ń ṣàkóso rédíò ní Amẹ́ríkà), Part 97, kò gbà kí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà lórí rédíò ham kí ìtumọ̀ rẹ̀ má baà hàn. Yorùbá kò sí lára ìyẹn, ẹ máa sọ ọ́ lọ fàlàlà. Àmì ìdánimọ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì pè tó bá jẹ́ ẹnu lẹ fi pè é, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún pè é tí ẹ bá fẹ́ parí. Kí ẹ má sì fi Yorùbá ṣe àṣírí o. Ní Houston kẹ̀! Èmi kì í ṣe lọ́yà; ẹ ka òfin náà fúnra yín.

Òfin gba onírípítà láyè láti sọ àwọn tó lè lò ó, ṣùgbọ́n tóònù kọ́ ni yóò bá yín lé àjèjì. Ẹni tó bá wà nítòsí yín á tẹ́tí sí fíríkúẹ́ǹsì ìwọlé, èyí tí ẹ fi ń bá ripítà sọ̀rọ̀, rédíò rẹ̀ á sì ti wá tóònù náà jáde kí ẹ tó kí ara yín tán (ìkíni Yorùbá ni mo sì ń wí). Ẹ fi ọ̀nà tí ẹ ó fi máa pa ripítà láti òkèèrè síbẹ̀, kí ẹ sì fà á lé ẹni tó lórí pípé lọ́wọ́. Ariwo àti ripítà ìlú míì tó wà lórí fíríkúẹ́ǹsì yín ni tóònù wà fún, kí wọ́n má baà máa jí tiyín kiri lóru.

Ó ku ti ripítà tó ń dáhùn tó tún ń dákẹ́. N kò rí i lójú, ṣùgbọ́n mo fura pé ẹnu spíkà ni wọ́n ti fa wáyà dé ibi tó ń yẹ tóònù wò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé fílítà ti gé tóònù kó tó débẹ̀. Ìyókù rẹ̀ ni ripítà ń ṣa jẹ. Ẹ fà á láti discriminator, ibi tí ohùn ti kọ́kọ́ jáde nínú rédíò tó ń gbà á, kí fílítà tó fọwọ́ kàn án. Bákan náà ni lápá ìjáde: ẹ má gba ẹnu maikirofóònù ki tóònù bọ inú rẹ̀, ibẹ̀ náà ní fílítà tirẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 500 sí 750 Hz lọ nínú deviation (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń yẹ fíríkúẹ́ǹsì kúrò láyè rẹ̀) 5 kHz. Bó bá pọ̀ jù, ẹ ó máa gbọ́ hùùn lábẹ́ ọ̀rọ̀. Bó bá kéré jù, kò ní ṣí. Ẹ má fi etí díwọ̀n rẹ̀, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n.

100 Hz tí ẹ mú kò burú níbẹ̀ yẹn, torí iná Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz, 120 sì ni ariwo rẹ̀ máa ń yọ sí, 118.8 àti 123.0 ni kẹ́ ẹ sá fún. Ká ní Ìbàdàn ni, níbi tí iná ti jẹ́ 50 Hz, mi ò ní fọwọ́ kan 100 láé.

Kọntírólà, ẹ̀rọ tó ń darí ripítà, gbọ́dọ̀ gé tóònù tó wọlé dànù, kó sì fi tuntun sí ìjáde. Kó máa yọ ọ́ tí ripítà bá ń pe àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, àti lẹ́yìn tí oníṣe bá jáwọ́, kí ẹni tó di etí má baà máa gbọ́ bíìpù. Lára rédíò tiyín, méńù 13 nìkan ló pọn dandan. Ẹ fi 11 sílẹ̀ ní OFF títí gbogbo rẹ̀ fi máa ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ PTT, ẹ mí díẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, torí ó ń gbà tó ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kí ripítà tó dá tóònù mọ̀.

Ẹ bá Texas VHF-FM Society, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò fíríkúẹ́ǹsì ripítà ní Texas, sọ̀rọ̀ nípa fíríkúẹ́ǹsì kí ẹ tó gbé antẹ́nà gòkè. Ní ti tóònù tí ọ̀gbẹ́ni yẹn fẹ́ tà fún yín, ó ti wà nínú rédíò yín láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.