Kí ẹ tó lọ oògùn ìyá yín

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá ẹ lè lọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá yín pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ torí pé kò lè gbé hóró mì mọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọmọ ọlọ yẹn sílẹ̀ ná. Èmi náà ṣe é.

Aláró ni ìyá mi, ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Nígbà tí hóró oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn lọ́fun, mo lọ nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kúnná, mo sì pò ó mọ́ ẹ̀kọ mímu. Kò tó wákàtí kan tí òòyì fi gbé wọn ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Nígbà tí a máa fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ sí 90 lórí 50. Mi ò fojú kan oorun mọ́jú ọjọ́ náà.

Apòògùn kan ló là mí lọ́yẹ láàárọ̀. Ó ní irú èyí tí mo lọ̀ yẹn, ṣe ni wọ́n ṣe é kó máa tú díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Béèyàn bá lọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Retard”, “SR” tàbí “XR” tó wà lára páálí, ìkìlọ̀ gan-an nìyẹn. Mo ti ń rí i tipẹ́, mo rò pé ara orúkọ rẹ̀ ni.

Hóró oògùn lásán yàtọ̀ síyẹn. Líle rẹ̀, àwọn tó ń ṣe é ló ń wọ̀n ọ́n. Sítáàṣì, irú ti ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo, ló sábà máa ń lẹ ìyẹ̀fun rẹ̀ pọ̀; sítáàṣì náà ló tún máa mu omi nínú ikùn, táá wú, táá sì tú u ká. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù, omi ò ní ráyè wọlé. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ tó, á ti rún nínú ike. Láti dán an wò, wọ́n máa ń yí i nínú àgbá kan nígbà 100, ohun tó bá rún kúrò lára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Hóró lásán tí wọn ò fi nǹkan bò lára gbọ́dọ̀ tú nínú omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn láàárín ìṣẹ́jú 15. Ọ̀pọ̀ irú ìyẹn ṣe é lọ̀.

Ti omeprazole tí wọ́n ń lò fún ọgbẹ́ inú tún yàtọ̀. Ẹ ṣí kápúsù rẹ̀, ẹ ó rí hóró wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló wọ ẹ̀wù, torí omi kíkan inú ikùn máa ń ba oògùn náà jẹ́ kó tó dé ìfun. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ á tètè lóye rẹ̀: ibi tí láfún bá bò, aró ò ní débẹ̀, àfi tí a bá ha láfún kúrò. Ìfun ló ń bọ́ ẹ̀wù ti omeprazole. Apòògùn wá gbà wá láyè láti ṣí kápúsù ìyá mi, ká da hóró wẹ́wẹ́ náà sórí ṣíbí ẹ̀kọ kan tó ti tutù, kí wọ́n gbé e mì kíá láìrún un lẹ́nu. Ọlọ ò gbọdọ̀ kàn án. Ti ìyá mi nìyẹn o. Ẹ béèrè tiyín.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn tó ṣe é lọ̀. Ẹ má ṣàdédé dá oògùn ìyá yín dúró. Páálí rẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbé lọ bá apòògùn. Bó bá ní Retard, SR tàbí XR lára, ẹ pe apòògùn lálẹ́ òní, kí ẹ tó po ẹ̀kọ àárọ̀.