Kí ni wọ́n ń lo àwọn ilé olódi etíkun Gánà fún lónìí?

Ọ̀pọ̀ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn Pọtogí ló kọ́ ti Elmina ní 1482; àwọn Dọ́ọ̀ṣì gbà á ní 1637, ó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1872, wọ́n tiẹ̀ ti kọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ rí. Ti Osu ní Accra ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ussher Fort, ilé olódi mìíràn ní Accra, ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí.

Ṣùgbọ́n ti Cape Coast ni kẹ́ ẹ lọ wò. Òkùnkùn biribiri ni àjàalẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ tà lẹ́rú sí, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lókè orí wọn gan-an. Ó ń dùn mí tí mo bá ń rò ó. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà jáde lọ wọ ọkọ̀ ṣì wà. Níta rẹ̀, àwọn apẹja ń tún àwọ̀n wọn ṣe.