Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Dídarí ìtọ́jú ọkàn nílé ẹ̀kọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ 900 la ní, àwa olùtọ́jú ò ju méjì lọ. Ọ̀gá wa fẹ́ kí gbogbo ọmọ kọ ìwé ìbéèrè lọ́jọ́ kan náà, ká lè tètè mọ àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Èrò rere ni ọ̀gá yín ní, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pín ìwé kankan. Ẹ kọ́kọ́ ka ààyè tí ẹ ní. Bí olùtọ́jú bá fún ọmọ kan ní ìṣẹ́jú 45, tó kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, tó tún pe òbí, ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló lè rí lóòjọ́. Fún ẹ̀yin méjèèjì, ààyè 40 sí 50 lọ́sẹ̀ nìyẹn, ẹ ó sì fi bíi márùn-ún sílẹ̀ fún ọ̀ràn pàjáwìrì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú ọ̀dọ́ méje tó wà láàrin ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Nínú ọmọ 900, ìyẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 130. Ibo lẹ máa kó wọn sí? Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìrora rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò pè é fún oṣù kan, ó lè má sọ fún ẹlòmíì mọ́. Ẹ pín ìwé ìbéèrè náà fún kíláàsì kan lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí lẹ́tà ìyọ̀ǹda sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí ṣáájú.

Ìwé tí wọ́n ń pè ní SDQ, tó ń wo ìwà àti bí nǹkan ṣe ń rí lọ́kàn ọmọ, ní ìbéèrè 25. Òbí àti olùkọ́ lè kọ ọ́, ọmọ tó ti tó ọdún 11 náà lè kọ tirẹ̀. PHQ-9, ìwé tó ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tí wọ́n tún ṣe fún ọ̀dọ́langba, ní ìbéèrè 9, máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 3, àpapọ̀ 27. Bí ọmọ bá gba 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pè é. Máàkì yẹn ò tíì sọ pé àìsàn kan pàtó ló ń ṣe é o. Ẹni tó yẹ kí ẹ jókòó tì ló ń tọ́ka sí.

Ìbéèrè kẹsàn-án nínú PHQ-9 ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù, èyí tó ń béèrè bóyá ọmọ náà ń rò pé ikú yá ju ayé lọ tàbí pé òun fẹ́ ṣe ara òun léṣe. Ọmọ lè gba 6 péré, kó sì ti fi àmì síbẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo ìwé sí ìbéèrè yẹn kí ẹ tó ro máàkì pọ̀, kí ẹ sì parí rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì láéláé. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la fara mọ́ jù.

Ẹ pe ọmọ tó bá fi àmì síbẹ̀ lóun nìkan, kẹ́ ẹ má sì yí ọ̀rọ̀ po: "Ṣé o ti ń rò ó láti pa ara rẹ?" Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yìí ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìwádìí kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti mọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà, bóyá ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí, bóyá ó ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Bó bá ti mọ ọ̀nà, tí ohun tó fẹ́ lò sì wà, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí àgbàlagbà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi débẹ̀, ì báà ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló fẹ́ lọ. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ jọ kọ ètò ààbò sójú ìwé kan: àmì tó fi ń mọ̀ pé èrò náà ti ń bọ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè ṣe, ibi àti ẹni tó lè gbé ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹni tó lè bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, nọ́ńbà oníṣègùn, àti bí wọ́n ṣe máa kó oògùn àti májèlé jìnnà sí i nílé. Ẹ pe òbí, àfi bó bá jẹ́ òbí náà ló ń fìyà jẹ ẹ́. Àwọn tó ń dáàbò bo ọmọdé ni kẹ́ ẹ pè nígbà náà.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ kan náà jáde nínú kíláàsì mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀tọ́ yín ni láti ráhùn. Kí olórí ẹ̀ka máa yí àkókò ọmọ náà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kó má bàa jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń pàdánù. Kí wọ́n má kàn gbé e sí àkókò ìsinmi, torí ibẹ̀ ni ọmọ tó dá wà ti ń rí ọ̀rẹ́. Kí ẹ̀yin náà má sì pe orúkọ rẹ̀ sókè lójú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní òun fẹ́ máa ka fáìlì àwọn ọmọ. Ó tún ń ní kí olùtọ́jú máa fìyà jẹ àwọn tó bá pẹ́ dé.

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ méjèèjì. Ọmọ tí ẹ fìyà jẹ láàárọ̀ kò ní sọ tinú rẹ̀ fún yín lọ́sàn-án. Iye ni kẹ́ ẹ fún ọ̀gá lóṣooṣù: ọmọ mélòó ló wá, ọjọ́ mélòó ni wọ́n dúró kí wọ́n tó rí yín, mélòó ló dá wíwá dúró. Kí fáìlì ìtọ́jú wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, níbi tó yàtọ̀ sí ti èsì ìdánwò. Ohun tí olùkọ́ nílò láti fi ran ọmọ lọ́wọ́ nìkan ni kó gbọ́, bíi pé kó jẹ́ kí ọmọ jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún bí àyà rẹ̀ bá ń já. Láti ìjókòó àkọ́kọ́ ni kí ọmọ ti mọ ohun mẹ́ta tí kò ní jẹ́ àṣírí: bó bá fẹ́ pa ara rẹ̀, bó bá fẹ́ ṣe ẹlòmíì léṣe, bí ẹnì kan bá ń fi ìyà tàbí ìbálòpọ̀ ni ín lára. Ẹ wo òfin ibi tí ẹ wà pẹ̀lú, torí ó lè fi kún un.

Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ̀yin olùtọ́jú á máa jọ gbé ọ̀ràn àwọn ọmọ yẹ̀ wò. Níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa wo máàkì àkọ́kọ́ àti ti ìsinsìnyí. Ọmọ tí tirẹ̀ kò bá tíì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó mẹ́fà, ẹ yí ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ padà tàbí kí ẹ kọ lẹ́tà sí dókítà ọpọlọ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.